Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: gbogbo ènìyàn ń gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ mi, kò sẹ́ni tó ń sanwó

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ń gbé. Ọdún 11 ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìtura, láti ilé ìdáná títí dé ibi tí wọ́n ti ń gba àlejò. Àrùn rọpárọsẹ̀ mú ìyá mi, orí àga oníkẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń jókòó sí báyìí.

Nígbà Iléyá kan tí àwọn àbúrò mi ti òkè òkun dé, a gba yàrá sí ilé ìtura kan. Wọ́n ti sọ fún wa lórí fóònù pé akanda ẹ̀dá lè wọlé láìsí wàhálà. A débẹ̀, àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà, ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ kò sì gba àga Màmá. Ọmọkùnrin méjì ló gbé wọn bí ẹní gbé àpò gààrì. Màmá kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń mú téèpù ìwọ̀n dání. Mo ń wọn ilẹ̀kùn àwọn ilé ìtura, mo ń béèrè ohun tó wà nínú ọbẹ̀ wọn, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹbí kan bá ń bọ̀ wá wo ọdún Ojúde Ọba níbí, wọ́n á pè mí: ibo ni bàbá àgbà lè jókòó sí tí ìró ìbọn kò fi ní da ọkàn wọn rú? Ta ló lè se ìkókoré fún ọmọ tí edé máa ń mú ara rẹ̀ wú? Mo fiṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù tó kọjá kí n lè sọ èyí di iṣẹ́ tèmi.

Àmọ́ owó kò wọlé. Ọ̀gá ilé ìtura kan gbọ́ ọ̀rọ̀ mi fún wákàtí méjì, ó fún mi ní máltì, ó ní Ọlọ́run á bù kún mi. Ọkọ mi ní kí n padà sẹ́nu iṣẹ́ oṣù. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ìdámọ̀ràn, báwo lẹ ṣe ń gba owó yín?

Ìyá Ìbejì, Ṣágámù: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o. Má padà. Ṣùgbọ́n dákẹ́ ẹnu rẹ títí owó á fi wọlé.

Ọmọ Ìperu: Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni mo ń gbà nímọ̀ràn, ojú mi ti rí i. Kò sẹ́ni tó ń ra ọ̀rọ̀ ẹnu. Àyẹ̀wò ni kí ẹ tà: ẹ ó lọ síbẹ̀, ẹ ó wọn gbogbo rẹ̀, ẹ ó kọ ìwé tí wọ́n lè gbé fún káfíńtà àti bíríkìlà. Ẹ gba ìdajì owó kí ẹ tó gbéra nílé. Ẹ kọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ gan-an: ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 80 ó kéré tán, àtẹ̀gùn tó bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 15, ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí wọ́n máa ṣe sí i gbọ́dọ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 180, ìyẹn ìlọ́po 12. Èyí tí wọ́n ń fi pákó gbé sílẹ̀ ní ìdúró gangan yẹn, ó lè da ẹni tó wà lórí àga ṣubú.

Ẹ tún rán wọn létí òfin ọdún 2018 lórí akanda ẹ̀dá, èyí tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019. Ó fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún 5 láti tún ẹnu ọ̀nà wọn ṣe. Ọdún 5 náà ti pé. Kí ẹ sì forúkọ òwò yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀. Àwọn ilé ìtura ńlá kì í sanwó sínú àkáǹtì ẹni tí kò ní ìwé.

Afọ́jú tó ń ríran lọ́kàn, Òde Rẹ́mọ: Àǹtí, ẹ ṣeun lórí ti Màmá. Ṣùgbọ́n téèpù yín kò lè sọ fún yín pé kòtò gọ́tà tí kò ní ìdérí ló wà láàárín gééètì àti ilé, tàbí pé gbogbo ilẹ̀kùn ibẹ̀ rí bákan náà lábẹ́ ọwọ́. Èmi lè sọ ọ́. Adití lè sọ tirẹ̀. Ẹ mú wa dání lọ síbi àyẹ̀wò, kí ẹ sì sanwó iṣẹ́ fún wa. Wọ́n ti pè wá wá jókòó ya fọ́tò rí, wọ́n fún wa ní ráìsì, a sì padà sílé.

Alásè, Ìlíṣàn: Ọ̀rọ̀ edé yẹn tóbi ju bí ẹ ṣe rò lọ. Àwọn ọmọ ìjọ Adventist pọ̀ lọ́dọ̀ wa níbí nítorí Babcock, yunifásítì wọn. Ẹni tó bá tẹ̀lé ìlànà wọn kì í jẹ edé rárá, ọ̀pọ̀ kì í jẹ ẹran. Ewùrà ni ìkókoré, ó dùn láìsí edé, bí epo àti ata bá pé. Ṣùgbọ́n ìkòkò àti ìpọnbẹ̀ ni kí ẹ wò! Ìpọnbẹ̀ tí wọ́n fi bu ti edé ni wọ́n á fi bu tọmọ náà. Ẹ̀bìrìpò ló rọrùn jù fún irú wọn, kókò tí a rin, tí a dì sínú ewé: ewé kọ̀ọ̀kan dá dúró. Ẹ ṣáà bèèrè ọbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi jẹ ẹ́.

Bàbá Ìmọ̀sàn: Ọmọ mi, èmi ní ìbẹ̀rù kan. Ṣé o ò ní sọ fún àwọn àlejò pé ibi gbogbo ló ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn? Obìnrin kì í fojú kan Agẹmọ tí a ń bọ ní Ìjẹ̀bú. Tí wọ́n bá sanwó fún ọ, wọ́n lè fẹ́ fi tipátipá wò ó.

Ẹni tó béèrè: Bàbá, ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́. Ohun tí mo ń kọ sókè ìwé nìyẹn. Bákan náà ni Òkè-Ẹ̀rì, níbi ojú oórì Bìlíkísù Sùngbọ́, obìnrin olówó ayé àtijọ́ nì, wọ́n ní obìnrin kì í wọ inú rẹ̀. N kì í bá ẹnikẹ́ni jà lórí èèwọ̀. Mo máa ń sọ fún wọn kí wọ́n tó kúrò nílé, kí ìyá kan má baà rin ọ̀nà jíjìn wá dúró síta nínú oòrùn. Irọ́ tí wọ́n pa fún wa lórí fóònù ló dùn mí jù lọ́jọ́ ti Màmá. Àtẹ̀gùn yẹn kò dùn mí tó o.

Bàbá Ìmọ̀sàn: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Máa lọ.

Ẹni tó béèrè: Ọmọ Ìperu, mo ti ń kọ ìwé náà. Ọ̀gá tó fún mi ní máltì ni màá kọ́kọ́ mú un lọ fún, pẹ̀lú iye owó lókè. Ẹ̀gbọ́n Òde Rẹ́mọ, ẹ dárí jì mí, n kò rò ó dé bẹ́ẹ̀ yẹn. Ṣé ẹ máa ráyè lọ́jọ́ Sátidé? Èmi ni màá san owó ọkọ̀ yín, ká sì sọ iye tiyín kí a tó gbéra.