Ìjì ká páànù ilé àwọn òbí mi lọ, kí la ó kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Sàìkílóònù tó jà létíkun wa lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ká ìdajì páànù ilé àwọn òbí mi lọ, òjò rọ̀ wọlé, síìlìn já lulẹ̀. Ibi tá a wà jìnnà gan-an, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni ọkọ̀ ojú omi tó ń kó ẹrù ń dé, tá a bá fi lè gbàgbé nǹkan kan, ó di ọ̀sẹ̀ méjì míì nìyẹn. Káfíńtà tó wà nítòsí ní kò le rárá, pé òun á kan páànù tuntun mọ́ igi tó wà ńlẹ̀, ká kun ògiri lọ́dà, kí bàbá mi lè tètè padà sílé. Bàbá ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, ọ̀dọ̀ ará àdúgbò ni wọ́n ń sùn, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí pé ìgbà wo làwọn ń lọ sílé àwọn. Ṣùgbọ́n mo fọwọ́ kan ògiri yàrá wọn láàárọ̀ yìí, ó ṣì tutù rinrin, ó ti ń bu, àmì dúdú wínníwínní bí èédú lílọ̀. Ọkàn mi ò balẹ̀. Kí la ó kọ́kọ́ ṣe, kí la ó sì ní kí ọkọ̀ gbé wá?

Ọmọ Káfíńtà: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á dáàbò bo Bàbá. Ẹ má jẹ́ kó kan páànù yẹn báyẹn o! Afẹ́fẹ́ ìjì kì í tẹ òrùlé mọ́lẹ̀, ńṣe ló ń fà á sókè, pàápàá létí, ní igun àti lókè ténté, tí fèrèsé bá tún fọ́, afẹ́fẹ́ á wọlé á máa tì í látinú. Torí náà páànù gbọ́dọ̀ di igi mú, igi kékeré di igi ńlá, igi ńlá di ògiri, ògiri di ìpìlẹ̀, irin pẹlẹbẹ àti bóòtù ló ń so wọ́n pọ̀, kì í ṣe ìṣó lásán. Ibi tó bá já, ibẹ̀ náà ló máa ti ká lọ. Ẹ gùn ún lọ sókè, ẹ fi ọ̀bẹ ha àwọn irin tó wà níbẹ̀, tó bá ń ṣí bí èèpo igi, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ tán nìyẹn, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ kì í fi irin sílẹ̀. Ẹ béèrè fún skúrù, kì í ṣe ìṣó, pẹ̀lú wáṣà tó fẹ̀, kó jẹ́ stainless, irin tí kì í tètè dípẹtà, tàbí èyí tí wọ́n rì bọnú síńkì (zinc) yíyọ́, kí wọ́n sì súnmọ́ra dáadáa létí òrùlé. Nígbà tí ìjì Tracy ba ìlú Darwin jẹ́ ní Ọsirélíà lóṣù Kejìlá 1974, afẹ́fẹ́ fa páànù síwá sẹ́yìn títí tó fi sán yíká orí ohun tí wọ́n fi kàn án, àtìgbà yẹn ni wọ́n ti yí òfin ilé kíkọ́ padà níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Ọ̀rọ̀ ògiri ló dùn mí jù, torí wọ́n ṣe é fún wa rí. Wọ́n kun ún lọ́dà nígbà tó ṣì tutù, kò pé oṣù méjì tí ọ̀dà fi wú bí ara tí iná jó, tá a ṣí i wò, igi inú ẹ̀ ti rà, ọmọ mi ń wúkọ́ ní gbogbo àsìkò yẹn. Ẹ fi tapólì bo òrùlé ná, kẹ́ ẹ kan pákó tẹ́ẹ́rẹ́ lé etí ẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má gbé e. Ẹ ya síìlìn tó ti rin àti pátákó ògiri kúrò, ẹ fi omi tí kò níyọ̀ fọ igi inú ẹ̀ tí omi òkun bá kàn án, torí iyọ̀ á ṣáà máa fa omi mọ́ra ni, kẹ́ ẹ wá ṣí fèrèsé sílẹ̀. Ẹ wọ ìbòmú àti ìbọ̀wọ́, ẹ má da bleach pọ̀ mọ́ ọṣẹ tó ní ammonia, èéfín ẹ̀ léwu.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an mà. Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti gbẹ? Àti pé páànù ilé ìdáná kì í ṣe irin, ó dà bí símẹ́ǹtì, eérú-eérú, ó ti pẹ́, ó sì ti fọ́.

Ìyá Ìbejì: Tó bá jẹ́ ògiri símẹ́ǹtì, ẹ fi téèpù lẹ ọ̀rá mọ́ ọn lálẹ́ kó má sí àyè kankan, tẹ́ ẹ bá rí ìrì nínú ẹ̀ láàárọ̀, kò tíì gbẹ. Ti igi, ẹ fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn omi inú igi sínú ẹrù ọkọ̀.

Ọmọ Káfíńtà: Páànù eérú yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ayùn gé e, ẹ má gbá a ní gbígbẹ! Ó ṣeé ṣe kí asbestos wà nínú ẹ̀, eruku ẹ̀ a máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ wọ́n omi sí i, kẹ́ ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n kó. Ẹ má tan iná títí ẹni tó mọ iṣẹ́ wáyà á fi yẹ sọ́kẹ́ẹ̀tì wò, kí jẹnẹrétọ̀ sì jìnnà sí fèrèsé.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun mà. Mo gòkè lọ lọ́sàn-án yìí, mo ha irin mẹ́fà, mẹ́rin ló ṣí bí èèpo. Mo ya fọ́tò wọn fi han Bàbá, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní ó dáa, àwọn á ṣì dúró lọ́hùn-ún. Mo ti ń kọ orúkọ ẹrù ọkọ̀ sílẹ̀, skúrù àti wáṣà ni mo fi síwájú.