Bí ọtí ṣe fi ọkọ mi sílẹ̀: ẹ sọ ìrírí tiyín náà

Ìyá Ìbejì, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ẹ̀yin ọmọ Èkìtì kete, ẹ kú ọ̀rọ̀. Àbúrò tó ń béèrè àgúnmu tí wọ́n ń bù sọ́bẹ̀ ọkọ kó má mutí mọ́, jọ̀wọ́, má ṣe é. Wọ́n fi lọ èmi náà. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi tọ́jú bàbá àwọn ọmọ mi.

Bíríkìlà ni. Bó bá ti ṣíwọ́ báyìí, ó di ìsọ̀ ẹlẹ́mu. Bí ẹmu bá tán, ògógóró. Ẹbí bá a wí, pásítọ̀ bá a wí, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pèpàdé lé e lórí. Bí ìpàdé bá ti tú, ìsọ̀ náà ló ń gbà lọ.

Inú rírun ló gbé e dé ilé ìwòsàn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ní kó lọ rí olùdámọ̀ràn, ọmọbìnrin kékeré kan. Ó kọ́kọ́ bi í ní ìbéèrè mẹ́wàá tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣètò, AUDIT lorúkọ rẹ̀: ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀, ife mélòó lẹ́ẹ̀kan, ṣé ẹ máa ń nílò rẹ̀ láàárọ̀ kí ara tó balẹ̀. Ọkọ mi ní rárá sí ti àárọ̀. Ọmọ náà wá ní, "Bàbá, láti òdo dé mẹ́wàá, báwo ló ṣe wù yín tó láti dín in kù?" Ó ní mẹ́ta. Mo ti ń retí ìwàásù. Ọmọ náà ní, "Kí ló dé tí ẹ ò fi mú òdo?"

Ọkọ mi dákẹ́. Ó ń fi èékánná ha sìmẹ́ǹtì tó gbẹ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Àwọn ìbejì máa ń sá wọ yàrá bí mo bá ti wọlé." Gbogbo ọdún tí mo fi pariwo, n ò gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, ta ló tún fẹ́ bá jiyàn?

Wọ́n ní kí èmi náà wá. Wọ́n kọ́ mi pé kí n má bá a jà nígbà tó bá yó, kí n dúró di òwúrọ̀. Ọjọ́ tí kò bá mu, kí n gúnyán, kí n jókòó tì í, kó mọ̀ pé inú mi dùn. Kí n má parọ́ fún ọ̀gá rẹ̀ pé ibà ló dá a dúró, kí n má sì san gbèsè ẹlẹ́mu. CRAFT ni wọ́n ń pe ìlànà náà, Amẹ́ríkà ló ti wá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọkọ rẹ̀ bá ń lù, ààbò ara rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wá o.

Ọlọ́kadà Bàṣírì, Adó-Èkìtì

Màámi, ẹ ṣeun. Tèmi, ìwé kékeré ni olùdámọ̀ràn mi fún mi. Kí n tó mu, kí n kọ aago tó lù, ibi tí mo wà, ẹni tó wà pẹ̀lú mi, àti bó ṣe ń ṣe mí. Nígbà tá a jọ kà á, ohun kan náà ló ń jáde: gáréèjì, ìrọ̀lẹ́, ebi, èrò tó bú mi. Mo wá ń jẹun kí oòrùn tó wọ̀, mo sì kúrò ní gáréèjì yẹn, Àjílọ́sùn ni mo ti ń gbérò báyìí. Wọ́n tún kọ́ mi pé òǹgbẹ ọtí máa ń ga ni, á sì rọlẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í pé ìdajì wákàtí. Mo máa ń gbé ọ̀kadà dúró, mo ń mí, títí yóò fi lọ.

Òde òkú ló le jù. Ẹ mọ Èkìtì, wọn ò ní béèrè kí wọ́n tó gbé ìgò síwájú èèyàn. Olùdámọ̀ràn mi ṣe bí ọ̀rẹ́ mi, ó ń ti ife sí mi lọ́wọ́, "mu díẹ̀ nítorí tèmi," èmi náà ń dá a lóhùn, títí "rárá, ẹ ṣeun" fi ń dá jáde lẹ́nu mi. Má ṣàlàyé. Àlàyé ni wọ́n ń rí dì mú.

Mo tún ń bá Alcoholics Anonymous (AA), ẹgbẹ́ àwọn tó ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti jáwọ́ nínú ọtí, ṣèpàdé lórí fóònù. Bill Wilson àti dókítà Bob Smith, àwọn méjì tí ọtí ti bá fínra, ló dá a sílẹ̀ ní Akron, Amẹ́ríkà, ní 1935. Wọn kì í gbowó. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ti rí ohun tí mo rí, ojú kì í tì mí.

Nọ́ọ̀sì kan, agbègbè Ìdó-Èkìtì

Àkójọ ìwádìí ti 2020 látọ̀dọ̀ Cochrane, àjọ tó ń kó ìwádìí ìlera jọ láti yẹ̀ wọ́n wò, gbè yín lẹ́yìn: ní ti kéèyàn má mu rárá, ìtọ́jú tó ń fani wọ AA kò kẹ́yìn sáwọn tó kù, ó tilẹ̀ sábà ń ṣíwájú wọn.

Ṣùgbọ́n bàbá Ìbejì kì í mu láàárọ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bí kò bá tíì mu, ẹ má ṣàdédé gba ọtí lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti rí ẹni tí ẹbí tì mọ́lé kó lè jáwọ́. Gìrì ló mú kí wọ́n gbé e wá, òógùn bò ó, ó ń bá ẹni tí a ò rí sọ̀rọ̀. Ó lè pa èèyàn. Ọ̀dọ̀ dókítà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé irú wọn lọ kí ara wọn balẹ̀. Ọ̀rọ̀ sísọ á wá tẹ̀ lé e.

Àbúrò tó béèrè, Ìjerò-Èkìtì

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọkọ mi ò ní gbà láti lọ. Ṣé èmi nìkan lè lọ?

Ìyá Ìbejì

Lọ o! Ìwọ gan-an ni wọ́n ṣe CRAFT fún, ẹni tí ènìyàn rẹ̀ kò tíì gbà. Ní ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Adó, béèrè ẹ̀ka ìlera ọpọlọ. Tètè jáde láàárọ̀, èrò máa ń pọ̀.