Ìdí tí àmì-oúnjẹ fi ń dùn ún wò nínú ìpolówó ju fíìmù lọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Báwo ni wọ́n ṣe mú Pillsbury Doughboy, ọmọ ìyẹ̀fun pípò tó jẹ́ àmì ọjà Pillsbury, rìn nínú ìpolówó nígbà àtijọ́? Kí ló dé tí irú wọn kì í fi í gbayì nínú fíìmù gígùn?

Èsì 1: Ọmọláńgidi gidi ni nígbà tó jáde lọ́dún 1965. Orí rẹ̀ pọ̀, ìrísí ojú kọ̀ọ̀kan yàtọ̀: wọ́n á yọ ọ̀kan, wọ́n á fi òmíràn sí i, wọ́n á ya fọ́tò. Fọ́tò 24 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìpolówó ìṣẹ́jú-àáyá 30 gba 720. Tí ẹ bá lo ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, 360 ti tó. Iná ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù: tó bá yí díẹ̀ láàárín fọ́tò méjì, àwòrán á máa ṣẹ́jú. Ẹ ti fèrèsé, ẹ wọ aṣọ dúdú, torí funfun ń tan ìmọ́lẹ̀ padà.

Èsì 2: Ní ti fíìmù, ẹ wo Foodfight! ti 2012, fíìmù àwòrán tí àwọn àmì ọjà oúnjẹ kún inú rẹ̀. Charlie the Tuna, ẹja tó jẹ́ àmì ọjà ẹja inú agolo, wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ajá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni olú-ẹ̀dá-ìtàn. Ó yé mi: ta ni yóò jẹ́ kí àmì ọjà òun purọ́ tàbí kó ṣìṣe? Ẹni tí kò lè ṣìṣe kò ní ìtàn. Kí wọ́n tẹ Doughboy níkùn kó rẹ́rìn-ín, ìyẹn tó fún ìpolówó. Kò tó fún wákàtí kan.

Èsì 3: Tó bá jẹ́ amọ̀ ni ẹ fi ṣe ọmọláńgidi, bíi ti California Raisins, àwọn èso àjàrà gbígbẹ inú ìpolówó, ẹ ṣọ́ ooru iná. Amọ̀ ń rọ̀, àmì ìka á sì hàn.