Ìgbà wo ni ẹ̀dá ìtàn yín kọ́kọ́ di ènìyàn?

Gègé Òru: Ẹ̀yin òǹkọ̀wé ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ìrírí tiyín: ìgbà wo ni ẹ fi ìwà ẹ̀dá ìtàn yín hàn dípò kí ẹ kàn sọ ọ́? Mo kọ ìtàn bàbá arúgbó kan, mo sì fi odindi ìlà mẹ́ta ṣàlàyé pé ahun paraku ni, pé owó kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, pé àwọn ọmọ rẹ̀ gan-an mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Ẹni tí mo fún kà bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ta ló rí i?" Ó dùn mí débi pé n kò fọwọ́ kan ìwé náà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí mo padà sí i, mo pa ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́, mo sì mú bàbá náà jókòó sídìí tábìlì. Ó gba lẹ́tà, ó rọra tú àpò lẹ́tà náà kí ó má baà ya, ó yí inú rẹ̀ síta, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ padà, ó sì kọ àdírẹ́sì tuntun sí ojú tó mọ́.

Ewé Kejì: Bàbá tèmi gan-an ni ẹ kọ yẹn, orúkọ nìkan ni ẹ yí padà.

Aṣàtúntò: Ẹ má bínú, èmi kò rí ahun níbẹ̀. Ẹni tí kò ní lọ́wọ́ lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò fẹ́ràn ìfiṣòfò náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó máa ń kọ mí lóminú nìyí: òǹkọ̀wé á rò pé òun ti fi nǹkan kan hàn, òǹkàwé á sì rí nǹkan mìíràn.

Gègé Òru: Òótọ́ ni ẹ sọ, ìdí sì nìyẹn tí mo fi fi gbólóhùn kan kún un: nígbà tí ó ṣí àpótí abẹ́ tábìlì láti dá gọ́ọ̀mù padà, páálí àpò lẹ́tà tuntun kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú.

Ewé Kejì: Háà! Páálí yẹn tú u láṣìírí.

Òǹkàwé Àná: Àṣejù ni èmi fi ba tèmi jẹ́. Nígbà tí wọ́n ní kí n má sọ pé inú ń bí ẹ̀dá ìtàn mi, mo sọ gbogbo wọn di ẹni tí ń di ẹ̀ṣẹ́, tí ń wa eyín pọ̀, tí ń gé ètè jẹ, títí tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi bi mí bóyá àìsàn kan ni ó ń jà nínú ìwé náà. Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé kò sí ẹni tí ó ni ẹ̀ṣẹ́ dídì. Ẹnikẹ́ni tí inú bá ń bí lè dì í. Mo wá kọ ìyá kan tí ó máa ń tú aṣọ tó ti ká tẹ́lẹ̀, tí á tún un ká, tí àwọn ọmọ inú yàrá á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ ohùn sílẹ̀.

Aṣàtúntò: Aṣọ yẹn dára, ṣùgbọ́n ohùn àwọn ọmọ yẹn gan-an ni ó ṣiṣẹ́.

Ajíkàwé: Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ní ọdún 1886, Anton Chekhov, òǹkọ̀wé ará Rọ́ṣíà, kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Alexander pé bí ó bá fẹ́ kí òṣùpá tàn nínú ìtàn, kí ó jẹ́ kí àfọ́kù ìgò kan máa dán. Ṣùgbọ́n Wayne Booth, onímọ̀ lítíréṣọ̀ ti Amẹ́ríkà, kọ odindi ìwé ní 1961 láti fi hàn pé kí òǹkọ̀wé sọ nǹkan ní tààrà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àti pé nínú èdè tiwa, níbo ni ààlà wà láàárín sísọ àti fífi hàn? Bí mo bá kọ pé ó wọlé gìrìgìrì, ṣé mo sọ ni àbí mo fi hàn?

Gègé Òru: Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ẹ fi hàn, a kò tíì rí òun fúnra rẹ̀.

Aṣàtúntò: N kò gbà. Ẹni tí ó wọlé gìrìgìrì àti ẹni tí ó yọ́ wọlé kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ènìyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Ewé Kejì: Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ bàbá. Ta ni ó kọ lẹ́tà yẹn sí?

Gègé Òru: Ọmọbìnrin rẹ̀ tí ó ti pẹ́ tí kò wálé ni. Ọmọ náà ló sì fi àpò lẹ́tà yẹn kọ̀wé sí i.

Aṣàtúntò: Ẹ gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ! Ẹ sì ń pe ẹni yẹn ní ahun? Ẹ yọ páálí yẹn kúrò.

Ewé Kejì: Bí ẹ bá yọ páálí náà, èmi àti ẹ̀yin kò ní jọ sọ̀rọ̀ mọ́.