Ta ló jẹ̀bi bí àmì bá já bọ́ lẹ́yìn tí mo ti tún ìwé ṣe tán?

Ọmọ Mọ́kọ́lá (Ìbàdàn)
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìwé títúnṣe jẹun. Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ gbé ìtàn ìgbésí ayé wọn fún mi pé kí n bá àwọn yẹ̀ ẹ́ wò kó tó lọ sílé ìtẹ̀wé. Ojú ewé 214. Mo ní kí wọ́n san 300 náírà lórí ojú ewé kan, 64,200 náírà lápapọ̀, pé ọ̀sẹ̀ méjì ló máa gbà. Àṣé lẹ́tà wọn wẹ́, ìlà sì há mọ́ra wọn. Nígbà tí mo kà á, ọ̀rọ̀ 111,280! Àkọtọ́ àtijọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́: nwọn, aiye, enia, yio. Kò sí àmì ohùn kankan. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi jókòó tì í, tọ̀sán tòru.

Ìyẹn ò dùn mí, èmi ni mo dá iye. Fọ́ǹtì tí atòwé lò ni kò ní ẹ, ọ àti ṣ, àpótí òfìfo ló ń gbé jáde. Ó wá fi e, o, s rọ́pò wọn. Àmì òkè nìkan ló kù. Ibì kan wà tí bàbá kọ ọ́ pé bàbá àwọn gbé ọkọ́ lé èjìká lọ sóko. Ẹ yọ àmì abẹ́ kúrò lára ọkọ́ yẹn, kí ẹ fi tòkè sílẹ̀, ẹ ó rí ohun tó wà nínú 300 ẹ̀dà tí wọ́n ti tẹ̀. Bàbá ò pariwo. Wọ́n kàn ní, "Ọmọ mi, ṣé o kà á ṣá?" Mi ò sùn lóru ọjọ́ náà.

Ṣé èmi ni mo jẹ̀bi?

Ìyá Ìbejì (Ṣómólú)
Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Ẹ̀bi rẹ kọ́ ni gbogbo rẹ̀, àmọ́ o fo ibì kan. Èmi kì í gba iṣẹ́ láìkọ ọ́ sínú àdéhùn pé PDF tó ń lọ sílé ìtẹ̀wé gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ mi kọjá, mo sì ń gba owó rẹ̀ lọ́tọ̀.

Ní ti iye, má ka ojú ewé mọ́. Ọ̀rọ̀ 250 ni ojú ewé kan lọ́dọ̀ mi, bó ti wù kí oníwèé fún un pọ̀ tó. Tìẹ yẹn, ojú ewé 445 ni, 133,500 náírà. Kọ́kọ́ gba ojú ewé márùn-ún láti àárín ìwé, torí gbogbo èèyàn ló máa ń tọ́jú ìbẹ̀rẹ̀. Tún un ṣe, wo aago, kó o tó dá iye. Ìdajì owó sì gbọ́dọ̀ wọlé kó o tó fọwọ́ kàn án.

Atòwé (Abẹ́òkúta)
Ìwé títò niṣẹ́ tèmi, kò sì yẹ kí ẹnì kan nínú wa fọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ lẹ́tà oníwèé. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀: ẹ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà. Lẹ́tà wà lọ́tọ̀, àmì òkè wà lọ́tọ̀, fọ́ǹtì ló ń so wọ́n pọ̀. Charis SIL, Doulos SIL àti Noto Serif ń ṣe é dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. Ẹ fi fọ́ǹtì ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé, kí ẹ tẹ ìlà yìí sókè ojú ewé àkọ́kọ́: ẹ́ ẹ̀ ọ́ ọ̀ ṣ ń ǹ. Bí ìlà yẹn bá ti bàjẹ́, kí iṣẹ́ dúró.

Bàbá Olùkọ́ (Ìjẹ̀bú-Òde)
Ọmọ mi, ṣé o sọ fún bàbá yẹn kó o tó yí àkọtọ́ wọn padà? 1974 ni wọ́n fọwọ́ sí èyí tá à ń lò yìí. "Aiye" ni wọ́n fi kọ́ àwa tá a lọ ilé ìwé ṣáájú ìgbà náà. Ó tọ́ kó o yí i, àmọ́ fi Track Changes, èyí tó ń ṣàmì sí gbogbo ohun tó o bá yí nínú Word, ṣe é kí wọ́n lè rí i. Orúkọ èèyàn ńkọ́? Bí ẹnì kan bá ń kọ Shodipo, bẹ́ẹ̀ ni kó wà.

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Ẹ ṣeun gan-an. Bàbá Olùkọ́, mi ò sọ fún wọn, mo sì ti tọrọ àforíjì. Mo gbé fáìlì tèmi lọ hàn wọ́n lánàá, ọkọ́ náà pé pérépéré níbẹ̀. Atòwé tó to ìwé bàbá gbà láti tún un tò lọ́fẹ̀ẹ́, èmi náà á yẹ PDF wò láìgba kọ́bọ̀. Owó bébà la ṣì ń fà mọ́ra wa lọ́wọ́. Ẹ̀dà 180 ṣì wà nílé bàbá, wọ́n ti fi aṣọ bò ó.