Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo ń fọ orí lálaalẹ́, orí sì ti ń yún mi

Olùkọ́ Ìbàdàn
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ mi kéré, ṣùgbọ́n ó ti ń dá aáwọ̀ sílẹ̀ nílé mi.

Ó pé oṣù mẹ́rin tí mo ti gé irun mi mọ́lẹ̀. Dídì tó le koko ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó iwájú orí mi lọ tán. Àṣé adùn kan wà tí mo ti ń fi dídì du ara mi láti kékeré! Tí mo bá ti ilé ìwé dé, tí ariwo àwọn ọmọ kíláàsì mi ṣì ń hó létí mi, màá po omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí garawa (ṣáwà wà lára ògiri o, omi ló máa ń kọ̀ láti gba ibẹ̀ jáde), màá jókòó lórí àpótí, màá bu omi lé orí, màá fi ọṣẹ dúdú pa á, màá wá fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ra á láti iwájú lọ sí ìpàkọ́. Tí ọwọ́ mi bá dé ẹ̀bátí báyìí, èjìká tí mo ti gbé sókè láti àárọ̀ á wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo lè wà níbẹ̀ títí omi á fi tutù.

Ìyá ọkọ mi, tó ń bá wa gbé, ní òtútù máa wọ̀ mí lórí. Ọkọ mi a máa kan ilẹ̀kùn pé ṣé mo ti sùn lọ ni. Ìyẹn ò tiẹ̀ dùn mí tó èyí: ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí orí ti ń yún mi, tí nǹkan funfun ń já sí èjìká aṣọ mi bí èérún búrẹ́dì. Mo fi òrí pa á, ó tún wá pọ̀ sí i. Ṣé kí n jáwọ́ ni? Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ jáwọ́.

Onídìrí Òṣogbo
Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí tíṣà. Ẹ má jáwọ́, ẹ dín in kù. Eérú ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú, eérú èèpo kòkó tàbí ti ọ̀gẹ̀dẹ̀, pẹ̀lú àdín. Ó ń fọ nǹkan gan-an, ó lè fọ ọ̀rá tó ń dáàbò bo awọ orí pàápàá lọ. Irun tiwa kì í tètè lọ́ràá. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Tí ẹ̀yin tí irun yín kúrú bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò burú.

Ẹ má fi ọṣẹ gbígbẹ ra orí o. Ẹ bù ú bíi hóró ẹ̀wà mẹ́ta sínú abọ́, ẹ jẹ́ kó yọ́, omi rẹ̀ ni kí ẹ lò. Èékánná ńkọ́? Àwọn oníbàárà mi kan ń pè é ní fífọ orí, họ ni wọ́n ń họ ọ́. Ẹran orí ìka ni kí ẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀, kí awọ orí máa rìn lórí egungun, kì í ṣe kí ìka máa sáré lórí awọ.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Ẹ jẹ́ ká bi wọ́n ná. Tíṣà, ṣé ó rí wẹ́wẹ́ tó gbẹ bí ìyẹ̀fun, àbí ó fẹ̀, tó lọ́ràá, tó fẹ́ pọ́n díẹ̀?

Olùkọ́ Ìbàdàn
Ó fẹ̀. Ó tún ń lẹ̀ mọ́ èékánná.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Mo fura bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ gbígbẹ ni, òrí ì bá ti tù ú. Èépá nìyẹn. Ohun tíńtín kan tí wọ́n ń pè ní Malassezia máa ń wà nídìí rẹ̀, mọ̀lẹ́bí ìwúkàrà ni. Orí gbogbo wa ló ń gbé, ọ̀rá ló sì ń jẹ. Òrí tí ẹ fi pa á yẹn, oúnjẹ lẹ gbé fún un.

Ẹ ra ṣampúù tó ní ketoconazole nínú (oògùn tó ń gbógun ti Malassezia yẹn) nílé oògùn, ẹ lò ó lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. Kó pẹ́ lórí tó ìṣẹ́jú 3 sí 5 kí ẹ tó ṣàn án. Àsìkò yẹn gan-an ni kí ẹ máa ra orí yín bó ṣe wù yín. Tí ibì kan bá ń pá róbótó, tàbí tó ń ṣọyún, ìyẹn lè jẹ́ làpálàpá, ẹ lọ rí dókítà.

Ará Peckham
Tèmi rèé. Omi Lọ́ńdọ̀nù le, kálísíọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀. Ọṣẹ dúdú tí màmá mi fi ránṣẹ́ bá omi náà pàdé, wọ́n di ìdọ̀tí funfun tó ń lẹ̀ mọ́ irun. Mo ń pariwo èépá kiri, àṣé ọṣẹ ni! Ṣampúù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Omi kànga náà lè le: tí ọṣẹ kì í bá tètè hó, tí nǹkan funfun sì ń dì sídìí ìkòkò tí ẹ fi ń se omi, ẹ fura.

Bọ̀dá Apárí
Ẹ̀yin ń sọ èépá. Ṣé òótọ́ ni pé rírà yìí ń hu irun?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Àwọn ará Japan kan tẹ ìwádìí jáde lọ́dún 2016: ọkùnrin 9, ìṣẹ́jú 4 lójúmọ́, ọ̀sẹ̀ 24. Irun wọn nípọn díẹ̀ sí i. Mo ní ó nípọn o, mi ò ní ó hù níbi tó ti pá. Èèyàn 9 péré ò sì tó ohun tí à ń torí ẹ̀ búra.

Bọ̀dá Apárí
Mo ti ń ra tèmi láti ọdún tó kọjá. Dídán ló ń dán sí i.

Bàbá Ìgbòho
Ìyá ọkọ rẹ ò jẹ̀bi tán, ọmọ mi. Láyé tiwa, kì í ṣe gbogbo ọwọ́ ló ń kan orí ẹni. Tìrẹ, ọwọ́ ara rẹ ni, kò sí ẹjọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tètè máa fọ̀ ọ́ kí oòrùn tó wọ̀, kó gbẹ kí o tó gbé e lé ìrọ̀rí, ọkàn ìyá á balẹ̀. Òrí tí à ń ṣe ní Òkè-Ògùn níbí, fi pa ara, fi orí sílẹ̀ ná.

Olùkọ́ Ìbàdàn (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta)
Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Ọjọ́rú àti Sátidé ni mo ń fọ̀ ọ́ báyìí, ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Èépá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Láwọn alẹ́ yòókù, mo máa ń ra á ní gbígbẹ lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò dùn tó ti inú omi, ẹ má jẹ́ kí n purọ́.

Mo ní kí n bá Màmá ra tiwọn. Wọ́n ní ọwọ́ ta ni? Wọ́n ní kí n má dán an wò láéláé. Wọ́n wá na ẹsẹ̀ sí mi.