Mo ń wá ìmọ̀ràn: ìtàn àwọn ilé ìjọba tó so mọ́ra ní Sùúrùlérè

Àbíkẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Kí Nàìjíríà tó gba òmìnira ni wọ́n kó ìyá ìyá mi kúrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó lọ sí ọ̀kan nínú àwọn ilé kéékèèké tó so mọ́ra ní Sùúrùlérè. Mo fẹ́ kọ ìtàn ilé náà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ mi. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Bàbá Ìbejì: Àbíkẹ́, LEDB (Lagos Executive Development Board), ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń tún ìlú Èkó ṣe nígbà náà, ni kí o kọ́kọ́ kà nípa rẹ̀. Ọdún 1928 ni ìjọba òyìnbó dá a sílẹ̀, lẹ́yìn tí àrùn tí eku ń tàn ká ti jà l'Ékòó. Ní 1955, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé lórí ilẹ̀ tó tó éékà 70 láàárín Èkó, kí olú-ìlú lè dùn-ún wò. Sùúrùlérè ni wọ́n kọ́ ilé sí fún àwọn tí wọ́n wó ilé wọn. Owó ilé ibẹ̀ kò ga, ìjọba ló ń gbé apá kan. Wá ìwé Peter Marris, olùwádìí tó kọ nípa àwọn tí wọ́n kó lọ, *Family and Social Change in an African City*, tó jáde ní 1961.

Ìyá Àdúkẹ́: Ìwé dára, ọmọ mi, ṣùgbọ́n tètè lọ bá àwọn tó rántí kíkó náà, wọn ò pọ̀ mọ́. Irú ilé yẹn ni wọ́n bí mi sí. Ògiri kan ni àwa àti aládùúgbò jọ ń lò. Tí wọ́n bá ń gúnyán, àwo á máa mì lórí pẹpẹ wa. Ilé náà mọ́, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà agbo ilé wa n'Ísàlẹ̀ Èkó ni ìyá mi ti ń tajà tẹ́lẹ̀. Ní Sùúrùlérè, ta ni yóò rà á? Ó ń wọ bọ́ọ̀sì padà lọ láràárọ̀, owó ọkọ̀ sì ń jẹ èrè ọjà. Marris náà rí i bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn obìnrin ọlọ́jà. Béèrè lọ́wọ́ màmá rẹ: ta ni kò rí àyè bá wọn kó lọ?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn: Fáìlì ìjọba àtijọ́ wà ní National Archives nínú Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ rántí pé LEDB ti di ara LSDPC (Lagos State Development and Property Corporation), iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tó ń kọ́ ilé, ní 1972.

Àbíkẹ́: Ẹ ṣeun, màmá, ẹ ṣeun, bàbá. Mo ti pe màmá mi. Wọ́n ní àbúrò ìyá àgbà, tó ń bá wọn gbé ọmọ tí wọ́n bá lọ sọ́jà, Mushin ló lọ yá yàrá sí. Mi ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí nínú ilé wa. Sátidé la máa jọ lọ wá àwọn ọmọ rẹ̀.